Kí Ẹ Tó Lọ Ṣe Síkáànì: Ohun Tí Ẹ Máa Jẹ, Èyí Tí Ẹ Máa Mu, Èyí Tí Ẹ Máa Kó Dání

Ohun tó ń dá èèyàn padà sílé láìṣe síkáànì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní ultrasound, kò ju ebi àti omi lọ. Ẹnì kan á ti ọ̀nà jíjìn wá láì fi nǹkan kan ẹnu láti alẹ́ àná. Wọ́n á wo fọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n á ní ilé ọmọ ni dókítà fẹ́ kí wọ́n wò, omi ló yẹ kó mu. Ẹlòmíràn á ti mu píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, á máa há ẹsẹ̀ mọ́ra lórí bẹ́ńṣì, kó tó gbọ́ pé àpò òróòro ni tirẹ̀, àti pé ẹ̀kọ àti àkàrà tó jẹ kó tó kúrò nílé ti ba iṣẹ́ jẹ́. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ṣoríkunkun. Ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà ni kì í ṣe tiwọn. Aládùúgbò tó ṣe síkáànì oyún ló ní "mu omi dáadáa," ẹ̀gbọ́n tó ṣe ti ẹ̀dọ̀ ló ní "má jẹun o." Òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, àmọ́ síkáànì tiwọn ni wọ́n ń sọ.

Oríṣiríṣi ni síkáànì. Ẹ̀yà ara tí wọ́n fẹ́ wò ló máa sọ bí ẹ ṣe máa múra. Ẹni tó bá mọ èyí kí ó tó kúrò nílé ti fi owó ọkọ̀ àti odindi ọjọ́ kan pa mọ́.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ríran

Ohùn ni ẹ̀rọ yìí ń lò. Etí èèyàn kò lè gbọ́ ohùn tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ yìí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní gbọ́ nǹkan kan. Ohùn náà á wọ inú ara, á kan ẹ̀dọ̀, á kan kíndìnrín, á kan ọmọ inú oyún, á sì padà sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á wá fi ohùn tó padà yìí ya àwòrán. Kò sí ìtànṣán nínú rẹ̀ bíi ti X-ray, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè lò ó fún aboyún. Ìlú Glasgow ní orílẹ̀-èdè Scotland ni dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi han àwọn oníṣègùn, nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní ọdún 1958, pé èèyàn lè fi ohùn wo inú ikùn. Láti ìgbà yẹn ni àwọn elétò ìlera aboyún ti gbá a mú.

Ẹ fi nǹkan méjì sọ́kàn nípa ohùn yìí. Ó ń gba inú omi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò lè gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Bí gáàsì bá kún ìfun, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣókùnkùn lójú ẹ̀rọ. Bí ìtọ̀ bá kún àpò ìtọ̀, ohùn á rí ọ̀nà gbà dé ilé ọmọ, àpò náà á sì ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú ọ̀rọ̀ méjì yìí ni "má jẹun" àti "mu omi" ti wá. Jẹ́ẹ̀lì tútù tí wọ́n máa fi pa ikùn yín náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín awọ ara àti orí ẹ̀rọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka fọ́ọ̀mù

Kí ẹ tó bi aládùúgbò léèrè, ẹ ṣí fọ́ọ̀mù tí dókítà fún yín. Bí ẹ bá rí Abdominal, ikùn òkè ni: ẹ̀dọ̀, àpò òróòro, kíndìnrín àtàwọn tó kù níbẹ̀. Pelvic ni ìsàlẹ̀ ìdodo: ilé ọmọ àti ilé ẹyin fún obìnrin, pírósítéètì fún ọkùnrin, pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tó wà lára gbogbo wa. Abdominopelvic ni méjèèjì pa pọ̀. Obstetric ni ti oyún. KUB tàbí Renal ni ti kíndìnrín àti àpò ìtọ̀. TVS ni èyí tí wọ́n ń gba ojú ara obìnrin wò. Doppler ni wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan, Echo sì ni ti ọkàn.

Ìkọ̀wé dókítà lè ṣòroó kà. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ ya fọ́ọ̀mù náà ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ibi tí ẹ fẹ́ lọ, tàbí kí ẹ pè wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé kí n jẹun àbí kí n má jẹ? Ṣé kí n mu omi, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó, ìgbà wo sì ni kí n mu ún? Ṣé ẹ ń ṣe irú èyí níbí, àbí ọjọ́ kan pàtó ni? Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀. Bí ti wọn bá yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ síbí, ti wọn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ẹ bá ń lo ìnṣọ́ránsì ìlera, ẹ béèrè bóyá ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o gbọ́dọ̀ fún yín ní nọ́ńbà àṣẹ kí wọ́n tó ṣe síkáànì náà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tíì jáde lè jókòó títí di ọ̀sán pẹ̀lú ebi nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ẹ pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Iná lè ti lọ, ẹni tó ń ṣe é sì lè má wá sẹ́nu iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ikùn òkè: oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ṣáájú. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ jẹ oúnjẹ alẹ́ yín tán ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ sùn, kí ẹ jí, kí ẹ máa bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba èèyàn níyànjú pé kó gba àkókò àárọ̀. Ojú oorun ni ọ̀pọ̀ ebi náà ti máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àpò òróòro, torí òun ló ń jìyà jù bí èèyàn bá jẹun. Bí inú bá ṣófo, àpò náà á kún fún òróòro, á dúdú mọ́lẹ̀ ketekete lójú ẹ̀rọ nítorí omi ló wà nínú rẹ̀. Bí òkúta bá wà níbẹ̀, á tàn funfun nínú dúdú náà, á sì ju òjìji sẹ́yìn. Àmọ́ bí ọ̀rá bá dé inú ìfun, ì báà ṣe ti àkàrà, ti dòdò tàbí ti wàrà inú tíì, ara á rán àpò náà níṣẹ́ kó fún òróòro jáde. Á wá sún kì bíi bàlúùnù tí afẹ́fẹ́ ti jò kúrò nínú rẹ̀. Òkúta kékeré lè fara pamọ́ sínú rẹ̀, ara àpò náà á sì dà bíi pé ó nípọn, bí ẹni pé àìsàn wà níbẹ̀. Aláìsàn á gba èsì tó rí rúdurùdu, dókítà á tún ní kó lọ tún un ṣe, yóò sì tún san owó mìíràn.

Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, gúgúrú, kábéèjì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò máa ń kó gáàsì sínú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò pọ̀, ìrẹsì díẹ̀, tàbí àmàlà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò lọ́ràá ti tó. Láàárọ̀, ẹ má jẹ ṣíngọ́ọ̀mù, ẹ má sì mu sìgá. Ẹni tó bá ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù ń gbé afẹ́fẹ́ mì láìmọ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fi àgbo fọ inú kí ẹ̀rọ lè ríran dáadáa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Àgbo tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ á fa omi ara gbẹ, á máa ru inú sókè, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn tó ní kí ẹ mu ún. Bí dókítà bá fẹ́ kí ẹ lo oògùn tó ń mú gáàsì wálẹ̀, á kọ ọ́ fún yín.

Omi lásán kò ba síkáànì ikùn òkè jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ lè fi omi díẹ̀ gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín mì. Ẹ má pa á jẹ o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga sókè nítorí síkáànì ti kó wàhálà mìíràn bá ara rẹ̀.

Àtọ̀gbẹ lọ́rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn súgà, tó wá lò ó láì jẹun, súgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Á máa làágùn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè máa ṣe ségesège, ó sì lè dákú. Ẹ sọ fún dókítà tó kọ fọ́ọ̀mù pé ẹ ní àtọ̀gbẹ, kí ó sọ iye oògùn tí ẹ máa lò láàárọ̀ ọjọ́ náà àti ìgbà tí ẹ máa lò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi yín ṣe ẹni àkọ́kọ́. Ẹ kó gúlúkóòsì tàbí súgà oníkóró dání, kí ẹ kó oúnjẹ dání fún lẹ́yìn náà. Bí ara bá ń gbọ̀n yín lórí bẹ́ńṣì, ẹ fi súgà sẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì pe nọ́ọ̀sì. Wọ́n lè dá ọjọ́ mìíràn fún síkáànì.

Bí wọ́n bá tún kọ X-ray inú tí wọ́n ń fún èèyàn ní ẹfun báríọ́ọ̀mù mu, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí síkáànì ṣáájú. Báríọ́ọ̀mù tó bá wà nínú ìfun ń dí ojú ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ìdodo: omi ni ọ̀rọ̀ wà

Ẹ lè jẹun. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí àpò ìtọ̀ yín kún. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí méjì kí àkókò tó tó, lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi díẹ̀díẹ̀. Lítà kan ni ọ̀pọ̀ ibi ń fẹ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ntílítà 50. Ẹ mu ún tán ní wákàtí kan ṣáájú, kí ẹ má sì tọ̀ mọ́. Omi lásán ni. Ohun ẹlẹ́rìndòdò máa ń kó gáàsì wọ inú, ọtí sì léwu fún aboyún.

Ìgbà tí ẹ mu omi ṣe pàtàkì ju bí omi ṣe pọ̀ tó lọ. Ẹni tó bá mu lítà méjì ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, inú ikùn ni omi náà ṣì wà. Kò tíì dé àpò ìtọ̀. Àbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan ni ó máa fi jókòó, ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n máa pè é, àpò náà á ti kún kọjá ààlà.

Kíkún jù náà kò dára. Àpò ìtọ̀ tó fẹ́ bẹ́ máa ń tẹ ilé ọmọ mọ́lẹ̀. Nínú aboyún, ó lè tẹ ẹnu ilé ọmọ mọ́ra tí á fi dà bíi pé ibi ọmọ wà nísàlẹ̀ jù, kí ọkàn ìyá sì dàrú láìnídìí. Bí ó bá ń ro yín gan-an, ẹ sọ fún wọn. Wọ́n lè ní kí ẹ lọ tọ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Omi púpọ̀ kò wà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tó ń ṣe dialysis, ìyẹn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, gbogbo wọn ní iye omi tí dókítà ti là kalẹ̀ fún wọn lójúmọ́. Ẹ má kọjá rẹ̀ torí síkáànì. Ẹni tí wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ sí lára kó sọ ọ́ nígbà tó bá ń gba ọjọ́. Nọ́ọ̀sì ló máa mọ bí wọ́n ṣe máa fi dí ìtọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kì í ṣe nǹkan tí a ń ṣe nílé.

Fún bàbá tí wọ́n fẹ́ wo pírósítéètì rẹ̀, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó nígbà tí ìtọ̀ kún, wọ́n á ní kó lọ tọ̀, wọ́n á sì tún wò ó kí wọ́n lè mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú àpò. Bàbá mìíràn á ti lọ tọ̀, á ti mú fìlà rẹ̀, á ti bọ́ sọ́nà. Ẹ padà wọlé o. Ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an ni dókítà fẹ́ mọ̀. Àmọ́ bí bàbá bá ti wà nílé tí kò rí ìtọ̀ tọ̀ rárá, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń le tó sì ń dùn ún, kó má mu omi kún un. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí wọ́n gbé e lọ.

Abdominopelvic: ebi pẹ̀lú omi

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ikùn òkè fẹ́ kí inú ṣófo, ìsàlẹ̀ fẹ́ kí ìtọ̀ kún. Nítorí náà, ẹ má jẹun láti alẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mu omi láàárọ̀. Bí àpẹẹrẹ, fún aago mẹ́sàn-án àárọ̀: oúnjẹ tán ní aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́; ẹ jí ní aago mẹ́fà, ẹ tọ̀, ẹ fi omi díẹ̀ lo oògùn; láti aago méje, ẹ rọra mu píọ̀ wọ́tà méjì, kó tán ní aago mẹ́jọ. Tíì kọ́. Ògì kọ́. Omi.

Nínú oṣù Ràmàdáánì, ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè lo ìlànà yìí lọ́nà tirẹ̀. Síkáànì ikùn òkè bá àwẹ̀ mu. Bí ẹ bá ti ṣe sààrì tán, tí ẹ gba aago kan ọ̀sán, wákàtí mẹ́jọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Èyí tó fẹ́ omi ló ṣòro. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ wà nínú àwẹ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó lè dúró di lẹ́yìn oṣù náà. Bí kò bá lè dúró, ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ fàyè gba aláìsàn láti ṣínu, kó san án padà. Ẹ bá ààfáà yín sọ̀rọ̀, ẹ má fi àìsàn pamọ́ nítorí àwẹ̀.

Aboyún

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dábàá ní ọdún 2016 pé kí aboyún ṣe síkáànì kan ó kéré tán kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ ṣì kéré, ilé ọmọ ṣì wà nísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ìtọ̀ wà nínú àpò dáadáa. Bí oyún bá ti kọjá ààbọ̀, omi inú oyún fúnra rẹ̀ ti tó fún ohùn láti gbà kọjá, kò sì sí ìdí láti fi ìtọ̀ pọ́n ara lójú, àyàfi bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí aboyún má febi panú rárá. Síkáànì oyún kò fẹ́ ebi.

Ẹ kọ ọjọ́ kìíní nǹkan oṣù tó kẹ́yìn sílẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín. Ẹ mú káàdì oyún àti èsì síkáànì ìṣáájú lọ. Bí oyún bá ti ga, fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja lè mú òòyì kọ́ yín, torí ilé ọmọ ti wúwo lé iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ẹ wí fún wọn kíákíá, kí ẹ yí sí apá òsì, á fi yín sílẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20 ni wọ́n ti lè rí i, bí ọmọ bá la ẹsẹ̀. Bí kò bá là á, kò sí ohun tí oníṣẹ́ lè ṣe. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí kọ́ ló yẹ kó ṣáájú lẹ́nu ìyá. Ibi ọmọ, omi inú oyún, bí ọmọ ṣe dùbúlẹ̀ àti bí ó ṣe ń dàgbà ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè.

Èyí tí wọ́n ń gba ojú ara wò

Fún TVS, ìdàkejì ni: ẹ lọ tọ̀ kí àpò ìtọ̀ ṣófo kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi kọ́ńdọ̀mù tuntun bò ó, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa á. Bí rọ́bà bá máa ń yún yín lára tàbí tó ń mú ara yín wú, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n lè lo oríṣi mìíràn. Ẹni tí kò bá tíì mọ ọkùnrin rí kó sọ ọ́ láìtijú. Wọ́n máa gba orí ikùn wò ó ni. Nǹkan oṣù kò ní kí ẹ má lọ, àyàfi bí dókítà bá dá ọjọ́ mìíràn.

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé obìnrin ni kó ṣe é, tàbí kí nọ́ọ̀sì obìnrin kan dúró tì yín. Ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́, kí wọ́n lè ṣètò rẹ̀. Bí ó bá sì ń dùn yín lákòókò náà, ẹ ní kí wọ́n dúró. Wọ́n gbọ́dọ̀ dúró.

Àwọn tí ìmúra wọn kò pọ̀

Ọmú, gẹ̀gẹ̀ ọrùn, kórópọ̀n àti ọkàn kò fẹ́ ebi, wọn kò fẹ́ omi. Fún ọmú àti ọrùn, ẹ wẹ̀, ẹ má fi páúdà tàbí Robb pa ibẹ̀, ẹ bọ́ ṣéènì ọrùn sílé. Fún Echo, ẹ lo oògùn ọkàn yín bí ẹ ṣe ń lò ó, kí ẹ sì fi ara balẹ̀, torí ó lè gbà tó wákàtí kan.

Doppler ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń dun èèyàn ní ẹran ẹsẹ̀, dókítà lè fura pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Kí ẹ tó dé ibi síkáànì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró ra ẹsẹ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á, ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè já kúrò níbẹ̀ kó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí bá tún ń há, tàbí àyà ń dun aláìsàn, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, ẹ má dúró de ọjọ́ síkáànì.

Ọmọdé

A kì í fi ebi pa ọmọ ọwọ́ bí a ṣe ń fi pa àgbà. Fún ikùn òkè, wọ́n sábà máa ń ní kí ìyá fo ọmú tàbí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ béèrè iye wákàtí gan-an. Ẹ mú oúnjẹ rẹ̀ dání kó lè jẹ ẹ́ ní gbàrà tí wọ́n bá ṣe tán.

Àwọn òbí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde mọ síkáànì kan tí wọ́n ń pè ní TCD, èyí tí wọ́n fi ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára ṣàn nínú ọpọlọ. Láti ọmọ ọdún 2 sí 16 ni wọ́n ń ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ fẹ́ kọlù. Bí eré ẹ̀jẹ̀ náà bá tó sẹ̀ntímítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti pọ̀ nìyẹn. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ lajú, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí oorun àti ẹkún ń yí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn padà. Ẹ má fún un ní oògùn oorun. Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó mu omi, kí ẹ mú ohun ìṣeré tàbí fóònù tó ní àwòrán efe dání. Bí ibà bá ń ṣe é, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ẹ sọ ọ́. Wọ́n lè sún un síwájú.

Aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun tó wà lára

Ìró àti bùbá dára ju gáùn gígùn lọ. Aṣọ tó pín sí méjì ń jẹ́ kí wọ́n ṣí ikùn láì tú yín sí ìhòòhò. Ẹ mú táwẹ́ẹ̀lì kékeré tàbí àǹkárá ogbó dání láti fi nu jẹ́ẹ̀lì. Ẹ má fi òrí tàbí ìpara tó kì pa ikùn láàárọ̀ náà.

Ẹni tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí lè fi sí i, wọ́n á kàn ní kó yí i wálẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní ìgbàdí tàbí òǹdè lára, ó sàn kó tú u nílé, kó fi í sí ibi tó yẹ, ju kó máa tú u níwájú àjèjì. Bí egbò bá wà níbẹ̀, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ lé e.

Lórí bẹ́ẹ̀dì

Èyí tó rọrùn máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15 sí 30. Wọ́n á ní kí ẹ mí kanlẹ̀, kí ẹ sé èémí, kí ẹ yí sí òsì. Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí ẹ ṣe é, nítorí èémí tí ẹ sé ló ń ti ẹ̀dọ̀ wálẹ̀ kúrò lábẹ́ egungun ìhà. Oníṣẹ́ lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Ìwọ̀n ló ń mú, ó sì ń kà á. Ní ibi púpọ̀, kì í ṣe òun ló máa sọ èsì fún yín.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì

Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí wà fún síkáànì tí wọ́n dá ọjọ́ fún. Aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀, obìnrin tí ìsàlẹ̀ ikùn dédé ń dùn tí òòyì sì ń kọ́, ẹni tó ní ìjàǹbá ọkọ̀: ẹ má dúró láti mu omi, ẹ má ka wákàtí oúnjẹ. Ẹ máa bọ̀ kíákíá. Kí ẹ má sì fún un ní nǹkan jẹ lójú ọ̀nà, nítorí ó lè jẹ́ pé yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà

Ẹ lọ tọ̀, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn tí ẹ dá dúró bí dókítà ṣe là á kalẹ̀. Síkáànì orí ikùn kò dá yín dúró láti wa ọkọ̀ tàbí láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ gba èsì tí wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀, kí ẹ sì mú un padà fún dókítà tó kọ fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ inú èsì lè bani lẹ́rù bí èèyàn bá ń kà á lórí ọkọ̀. Ìju kékeré nínú ilé ọmọ tàbí àpò omi kékeré lára kíndìnrín lè má fẹ́ ìtọ́jú kankan, ẹni tó mọ àìsàn yín ló lè sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹ ya èsì náà ní fọ́tò sórí fóònù, kí ẹ fi ojúlówó rẹ̀ sínú fáìlì. Fún aboyún, èsì tó kọ́kọ́ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló ń sọ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó súnmọ́ òótọ́ jù. Èyí tí wọ́n bá ṣe ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣì í. Bí ọjọ́ tó wà nínú èsì ìkẹyìn bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ gbé méjèèjì síwájú dókítà tàbí agbẹ̀bí yín kí ẹnikẹ́ni tó ní oyún ti kọjá ọjọ́ rẹ̀.